Orúnkún Àtọwọ́dá: Báwo La Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ó Ti Ń Jẹ?

Ẹni tó bá ń gun Òkè Màpó lójoojúmọ́, tó tún ń já sí Ọjà'ba, mọ ohun tí ojú orúnkún ń rí. Ìyá kan ládùúgbò wa ti pààrọ̀ tiẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa padà wá ya x-ray, màmá ní, "Ohun tí kò dùn mí, kí ni mo fẹ́ lọ fi han dókítà?" Ìdáhùn rèé.

Irin wà lókè, irin wà nísàlẹ̀, ike líle ló wà láàárín. Ike yẹn ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, bíi sílípáàsì tó ń fẹ́lẹ́ ní gìgísẹ̀. Ẹ̀rún rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ara á máa bá a jà, ìjà náà á sì máa jẹ eegun tó di irin mú, títí irin á fi máa mì. Nígbà mìíràn, ìrora kì í tètè dé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ike kì í hàn nínú x-ray, irin ló ń hàn. Nítorí náà, àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì ni wọ́n ń wọ̀n, kí aláìsàn sì wà ní ìdúró. Bí àlàfo yẹn bá ti dín sí ti àkọ́kọ́, ike ti jẹ nìyẹn. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìwọ̀n á ṣini lọ́nà.

Lọ́dún 1974, Göran Selvik ní Lund, orílẹ̀-èdè Sweden, gbé ọ̀nà tó péye jù jáde: wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ irin tín-tìn-tín sínú eegun, wọ́n á ya x-ray méjì lẹ́ẹ̀kan náà láti igun méjì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà ò lè fara pa mọ́.

Kò sídìí fún ìbẹ̀rù o. Ìwádìí kan nínú The Lancet lọ́dún 2019 fi hàn pé bíi 82 nínú orúnkún 100 ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25.

Iṣẹ́ tiwa ni pé ká tọ́jú x-ray àkọ́kọ́. Láìsí i, kò sóhun tí dókítà máa fi ti òní wé. Ẹ fi fóònù ya orúkọ àti nọ́ńbà orúnkún náà, ẹ kọ déètì sí i, kẹ́ ẹ sì mú màmá padà lọ kí ẹsẹ̀ tó dùn wọ́n.