Eré, Ẹ̀jẹ̀ àti Iyì: Ìtumọ̀ Ìjà Àkùkọ ní Àwùjọ Bali

Ní oṣù kẹrin ọdún 1958, Clifford Geertz àti ìyàwó rẹ̀, Hildred, dé abúlé kan ní erékùṣù Bali, ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, láti ṣe ìwádìí. Àwọn ará abúlé ń wò wọ́n bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìjà àkùkọ kalẹ̀ ní gbangba láti fi kó owó ilé-ẹ̀kọ́ tuntun jọ. Ìjọba ti ka ìjà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ya dé, kálukú sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tọkọtaya àlejò náà kò dúró láti fi ìwé àṣẹ wọn hàn; wọ́n bá àwọn ará abúlé sá. Láti ọjọ́ kejì ni abúlé ti gbà wọ́n mọ́ra. Àpilẹ̀kọ tí Geertz gbé jáde nínú jọ́nà Daedalus ní ọdún 1972 ti inú ìrírí yìí wá.

Irin mímú tí ó gùn tó ínǹṣì 4 tàbí 5 ni wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ àkùkọ. Àgbọn tí wọ́n lu níhò ni aago wọn: wọ́n á gbé e sínú garawa omi, yóò sì rì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 21. Kí ó tó rì, ẹni tí ń tọ́jú àkùkọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ibi tí adájọ́ bá parí ọ̀rọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni. Ẹni tí àkùkọ rẹ̀ borí ni ó ń gbé òkú èkejì lọ sílé.

Tẹ́tẹ́ ibẹ̀ pín sí méjì. Èyí tí ó wà láàrin agbo ni àwọn tí ó ni àkùkọ méjèèjì àti alátìlẹ́yìn wọn ń dá jọ, iye tí apá kan bá sì fi lélẹ̀ ni apá kejì ń fi lélẹ̀. Ní etí agbo, àwọn òǹwòran ń fi ariwo bá ara wọn ta. Tiwọn kì í dọ́gba, ó lè jẹ́ 10 sí 9, ó sì lè tó 2 sí 1. Bí owó àárín bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ṣe ń wá àkùkọ tí agbára wọn dọ́gba, tí èsì ìjà á sì ṣòro láti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Jeremy Bentham ka irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ìwà àìlọ́gbọ́n, nítorí ohun tí ènìyàn lè pàdánù ju èrè tí ó lè jẹ lọ. Geertz yí èrò náà padà: owó pọ̀ nítorí pé iyì ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin kì í ta tẹ́tẹ́ lòdì sí àkùkọ ìdílé rẹ̀. Bí àkùkọ abúlé mìíràn bá dé, àwọn tí ń bára wọn díje nílé á pawọ́ pọ̀. Síbẹ̀, ipò ẹnikẹ́ni kì í yí padà ní ti gidi lẹ́yìn ìjà. Ohun tí àwọn ará Bali ń ṣe, lójú Geertz, ni pé wọ́n ń ka ìtàn ara wọn fún ara wọn.

Fún onímọ̀ èdè Yorùbá, ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni bí a ó ṣe túmọ̀ ohun tí Geertz pè ní «eré ìjìnlẹ̀». Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn náà ń ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé eré àti ìjìnlẹ̀ kì í sábà rìn pọ̀. Margaret Thompson Drewal ti fi hàn ní ọdún 1992 pé eré wà nínú ètùtù àti ọdún Yorùbá gan-an. Ẹni tí ó ń pe ti egúngún ní eré kò sọ pé ó fúyẹ́. Nítorí náà, ìyàlẹ́nu tí àkọlé Geertz gbára lé kò lè dé Yorùbá láìdínkù.

Àríwísí tí ó lágbára jù ni ti William Roseberry, ní ọdún 1982. Ó bi í pé kí ló dé tí ọjà, owó orí àti ìjọba amúnisìn Dutch, tí gbogbo wọn kan ìjà náà, kò fi ṣe pàtàkì nínú ìtumọ̀ rẹ̀, tí àìsí obìnrin níbi ìjà sì fi gba ìlà díẹ̀ péré. Vincent Crapanzano, ní ọdún 1986, sọ pé «àwọn ará Bali» inú àpilẹ̀kọ náà kò ní ojú tàbí ohùn. Òtítọ́ ni èyí.

Apá kan ìjà náà jẹ́ ẹbọ. Tabuh rah ni wọ́n ń pe ìtàjẹ̀sílẹ̀ tí wọ́n fi ń tu àwọn ẹ̀mí burúkú lójú. Òfin Indonéṣíà ti ọdún 1974 àti ìlànà ọdún 1981 dẹ́kun tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n ẹbọ tẹ́ḿpìlì kò sí lára ohun tí wọ́n dẹ́kun; ìjà mẹ́ta péré ni ẹ̀sìn béèrè fún un. Èyí tí ó bá ju mẹ́ta lọ ni ọlọ́pàá àti ará abúlé ṣì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́.