Ìdákú Kọ̀ǹpútà àti Ètò-Olùṣọ́: Àlàyé lórí Èdè-Ìperí Mélòó Kan

Kọ̀ǹpútà kan wà ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ jù nù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń fi í kọ àpilẹ̀kọ ìgboyè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan ṣòfò mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo wa ni a ń sọ pé ẹ̀rọ náà ti kú. Kò kú, ó ń dákú ni. Ètò tí a fi sínú rẹ̀ láti máa ṣọ́ ìlera rẹ̀ ni ó ń mú un dákú. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ni ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Èrò wa ni pé bí èdè-ìperí bá ṣe gúnrégé, wíwá ìdí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ yóò rọrùn.

Ó yẹ kí a ya nǹkan mẹ́rin sọ́tọ̀:

(i) ìdáwọ́dúró: ètò kan ṣoṣo ṣíwọ́, àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ lọ;
(ii) híhá: iná ẹ̀rọ ń tàn, ṣùgbọ́n kò gba àṣẹ mọ́;
(iii) ìdákú: ètò-àkóso, bíi Windows, tí ń darí gbogbo ètò yòókù, dá gbogbo iṣẹ́ dúró lójijì;
(iv) ikú: ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan bàjẹ́, àfi kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni a fi mọ́ dákú láti ṣẹ̀dá ìdákú. Ẹni tí ó dákú ṣì lè jí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi bá a mu.

Ètò-olùṣọ́ ni ètò tí ń sọ bí ẹ̀rọ ti gbóná tó, bí fáànù ti ń yára yí tó, àti bí iná tí ń wọ inú rẹ̀ ti lágbára tó. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ń wọn nǹkan wọ̀nyí ni ó ti ń gbọ́; a pè wọ́n ní afura, láti ara fura. Ṣùgbọ́n kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn fúnra rẹ̀. Láti orí 80286 tí Intel gbé jáde ní 1982 ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà irú rẹ̀ ti ní ipele àṣẹ mẹ́rin, láti 0 dé 3. Méjì ni Windows ń lò: àwọn ètò ojoojúmọ́ wà ní ipele 3, ọkàn ètò-àkóso wà ní ipele 0. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ ní ipele 3, ètò tí ó ṣe é nìkan ni yóò dáwọ́ dúró. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ipele 0, ètò-àkóso yóò dá ohun gbogbo dúró kí àkọsílẹ̀ má baà bàjẹ́.

Nítorí náà, olùṣọ́ a máa rán ètò-alárinà lọ sí ipele 0. A kò pè é ní awakọ̀, nítorí pé kò wa ohunkóhun. Iṣẹ́ ni ó ń jẹ́ láàárín ètò àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Alárinà náà lè ní àléébù. Bí olùṣọ́ bá sì pé méjì, èkejì lè yí ìbéèrè padà kí èkíní tó gba èsì, kí ọ̀rọ̀ sì dàrú. Ọ̀pọ̀ olùṣọ́ ni ó jọ ń lo alárinà kan tí a ń pè ní WinRing0. Ní 2020 ni àléébù ààbò rẹ̀ di mímọ̀ fún gbogbo ayé, ní 2025 sì ni Microsoft Defender bẹ̀rẹ̀ sí kà á sí ewu.

Wàyí o, báwo ni a ó ṣe wá ìdí ìdákú? Bí ẹ̀rọ bá kàn kú fin láìsọ nǹkan kan, kí a kọ́kọ́ fura sí ooru tàbí iná mànàmáná. Bí ó bá fi kóòdù hàn, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá dárúkọ fáìlì tí ó parí sí.sys, ó ṣeé ṣe kí alárinà kan lọ́wọ́ sí i. Windows a tún máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ìdákú sínú àpò Minidump. Lẹ́yìn èyí, kí a tan ẹ̀rọ ní ipò àìléwu, níbi tí kìkì àwọn alárinà tí kò ṣeé mánìí ti ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá dákú níbẹ̀, kí a yọ àwọn olùṣọ́ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa wo àyípadà.

Olùṣọ́ méjì ni a bá nínú kọ̀ǹpútà tiwa. A yọ ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sì parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ kí ẹ fi àwọn èdè-ìperí wọ̀nyí dánra wò, nítorí ẹni tí ó bá pe ìdákú ní ikú yóò sin alààyè.