Bí Ẹ Bá Fẹ́ Lo Síkíì Lórí Yìnyín fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá rìn jìnnà yóò rí abuké erin. Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ òkè tí yìnyín bò ni mo fẹ́ bá yín sọ. Bóyá ọmọ yín tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti ránṣẹ́ sí yín pé kí gbogbo ẹbí jọ lọ lo ìsinmi níbẹ̀, tí ẹ sì ń bi ara yín pé, "Kí ni mùsùlùmí ọmọ Yorùbá ń wá lórí yìnyín?" Ẹ má tètè sọ pé rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín ná.

Síkíì ni pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a ń dè mọ́ bàtà, tí a fi ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò dà bí ẹyẹ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, ilẹ̀ ni yóò máa dì mú.

Òkè Uludağ ní Bursa

Òkè tí mo mọ̀ ni Uludağ, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni Òkè Ńlá, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 2,543. Ẹ̀yìn ìlú Bursa ni ó dúró sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ìsìláámù ti gbọ́ orúkọ Bursa rí: Orhan ọmọ Osman ni ó gbà á ní 1326, tí ó sì sọ ọ́ di olú-ìlú àwọn Ottoman. Níbẹ̀ ni Ulu Cami wà, mọ́ṣáláṣí ńlá tí Sultan Bayezid Kìíní kọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Òrùlé ribiti 20 ni ó ní, omi àlùwàlá sì ń tú jáde láàrin inú mọ́ṣáláṣí gan-an.

Ọkọ̀ orí okùn ń gbé ènìyàn láti Bursa lọ sórí òkè. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ta okùn náà. Èyí tí ń ṣiṣẹ́ nísinsìnyí bẹ̀rẹ̀ ní 2014, gígùn rẹ̀ sì tó bíi kìlómítà 9. Ènìyàn lè kírun Àsùbáà nínú ìlú, kí oòrùn sì tó mú, ó ti dé inú yìnyín. Láti December títí di March ni àkókò rẹ̀. Oúnjẹ halal kò ṣòro rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìtura kan ń ta ọtí. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ ìrun àti aṣọ

Ohun àkọ́kọ́ tí ìyàwó mi bi mí ni pé, "Báwo ni a ó ti máa kírun nínú òtútù bẹ́ẹ̀?" Ẹ̀sìn wa kì í ni ẹnikẹ́ni lára. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ṣe àlùwàlá ní ilé ìtura kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ lórí àlùwàlá náà. Bí ó bá jẹ́ irú ìbọ̀sẹ̀ tí ó tọ́, ẹ ó máa fi ọwọ́ tútù pa orí rẹ̀ ni, láìbọ́ ọ. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi àyè ọ̀sán kan àti òru kan gba onílé; ó fi ọ̀sán mẹ́ta àti òru mẹ́ta gba arìnrìn-àjò. Ìbọ̀sẹ̀ awọ ni àwọn ará ìgbàanì ń lò. Àwọn onímọ̀ kan gba èyí tí a fi òwú hun tí ó nípọn pẹ̀lú. Ẹ bi àlùfáà yín léèrè kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì bi í nípa ìrun arìnrìn-àjò tí a ń gé láti rákáà mẹ́rin sí méjì. Ní December, oòrùn Bursa ń wọ̀ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, nítorí náà òwúrọ̀ ni kí ẹ máa fi kẹ́kọ̀ọ́, kí Àyìlà àti Alásàárì má bàa bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe ìyọnu nípa aṣọ. Láti orí dé ẹsẹ̀ ni aṣọ òkè yìnyín ń bo ènìyàn, ìborí tí ó fẹ́lẹ́ sì ń wọ abẹ́ akoto láìsí wàhálà. Ẹ má fi aṣọ òwú kan ara: ó máa ń mu òógùn, bí òógùn náà bá sì tutù, gbígbọ̀n ni ẹ ó máa gbọ̀n. Èyí tí a fi irun àgùntàn hun dára jù. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ wọ̀ sínú bàtà síkíì. Bí ẹ bá wọ méjì, ẹ̀jẹ̀ kò ní rìn dáadáa, ẹsẹ̀ yóò sì tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbàgbé awò ojú àti ìpara oòrùn, nítorí yìnyín ń dá ìtànṣán padà síni lójú bíi dígí. Ènìyàn dúdú náà lè jóná.

Ìgbéraga mi

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Ní ọjọ́ kìíní, ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ sọ́dọ̀ olùkọ́. Èmi kò lọ. Mo ti gun ẹṣin rí ní kékeré, mo sì wí nínú ara mi pé ẹni tí ó mọ ẹṣin í gùn kò ní kọ́ pátákó méjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tẹ̀lé àwọn ọkùnrin kan gun ibi tí ó ga. Ìgbà tí mo wo ìsàlẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo fara sẹ́yìn. Àṣìṣe ńlá ni. Bí ènìyàn bá ti fara sẹ́yìn, iwájú síkíì kò ní gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Eré ni yóò máa sá. Mo sá títí, n kò lè dúró, n kò lè yà. Ọ̀wọ́ àwọn ọmọ kéékèèké kan tò lẹ́yìn olùkọ́ wọn nísàlẹ̀, àárín wọn ni mo sì kọrí sí. Mo dá ara mi ṣubú. Mo yí gbirigbiri, mo sì dúró ní ibi tí kò tó ọ̀pá méjì sí ọmọ tí ó kẹ́yìn. Ọmọ náà ń wò mí, kò tilẹ̀ mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí i.

N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo bá ti ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀? Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ọlọ́hun? Ní ọjọ́ kejì, mo tò sí ẹ̀yìn ọmọ mi nínú kíláàsì.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ibi tí ó tẹ́jú ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ojúgun yín máa kan iwájú bàtà, kí ojú yín sì máa wo ọ̀nà, kì í ṣe ẹsẹ̀. Láti dín eré kù, ẹ fa imú síkíì méjèèjì súnmọ́ ara wọn, kí ìdí wọn sì jìnnà síra. Bí ẹ bá fẹ́ yà sí òsì, ẹ tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí ẹ bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, ẹ tẹ ẹsẹ̀ òsì. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ kọ́kọ́ gbé síkíì yín dábùú òkè, kí ó wà nísàlẹ̀ yín, kí ẹ tó dìde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tún gbé yín lọ.

Àwọ̀ ni wọ́n fi ń sàmì sí ọ̀nà òkè. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, àwọ̀ ewé ni ó rọrùn jù, aró tẹ̀lé e, pupa le, dúdú sì le jù. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan fà yín kọjá ibi tí agbára yín mọ. Ẹ yá síkíì àti bàtà, ẹ má rà á. Kí ẹ sì rí i pé ìwé ìdójútòfò yín dárúkọ síkíì ní pàtó, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ìrìn àjò lásán ni kò kà á mọ́ ọn.

Ó ku ohun kan. Ní January 2025, iná jó ilé ìtura kan ní Kartalkaya, òkè yìnyín mìíràn ní Tọ́kì, ènìyàn 78 ni ó sì bá a lọ. Tẹbí-tẹbí ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ilé ìtura, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ mú àwọn ọmọ yín rin ọ̀nà àbáyọ dé ìta, kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Kò sí ẹni tí ó dàgbà jù

Ẹ má sì sọ pé yìnyín kì í ṣe tiwa. Ọdún 2018 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí eré Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù, ní ilẹ̀ Kòríà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣojú wa ni Simidele Adeagbo, tí ó dojú bolẹ̀ lórí ọmọlanke yìnyín. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré náà.

Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, èmi àti ọmọ mi jọ sọ̀kalẹ̀. Òun ni ó wà níwájú, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Òfin òkè yìnyín, ibi gbogbo ni ó ti jẹ́ ọ̀kan náà: ẹni tí ó wà lókè ni kí ó ṣọ́ ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Mo ṣọ́ ọ títí a fi dé ilẹ̀. Mo sì wí nínú ọkàn mi pé òfin yìí kì í ṣe ti síkíì nìkan. Ti baba nínú ilé ni, ti ọ̀gá níbi iṣẹ́ ni, ti olówó láàrin àwọn aláìní ni pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ ṣe Bísímílà, ẹ wá olùkọ́, ẹ rọra. Kí Ọlọ́hun mú yín lọ, kí ó mú yín bọ̀ láyọ̀. Àmín.