Omi Tó Ń Gbé Àgádágodo: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Kainji Kọ́ Ọmọ Yín

Ta ló ń gbé táǹkì omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀? Orí irin tàbí bíríkì là ń gbé e kọ́ sí, kí omi baà lè tú dáadáa lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọmọ tó bá ti fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọnmi rí ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ nípa ìsédò. Kò kàn tíì sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Ẹ lu ihò mẹ́ta sára ike kan: lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ẹ pọnmi kún un. Ti òkè á máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ti ìsàlẹ̀ á tú jáde pẹ̀lú agídí. Lẹ́yìn náà, ẹ gé iṣu róbótó, ẹ ki ìdí ṣíbí oníke mẹ́fà bọ̀ ọ́ lára yípo, ẹ fi igi sùyá gún un láàárín. Ẹ fi òwú so àgádágodo kékeré mọ́ igi náà. Kí ọmọ méjì rọra di orí igi mú, kí ẹ̀kẹta máa da omi lé ṣíbí. Igi á yí, òwú á wé mọ́ ọn, àgádágodo á gòkè. (Ẹ má jẹ́ kí wọ́n se iṣu náà títí ẹ ó fi parí.)

Èmi kò fara mọ́ olùkọ́ tó ń kọ ìṣirò sójú pátákó kí ọwọ́ ọmọ tó tutù. Bó bá ti tutù tán, ìṣirò ò le mọ́: bí 1,000 kílógíráàmù omi bá ń já bọ́ láti mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, agbára rẹ̀ tó nǹkan bíi wáàtì 9,800. Sọ gíga rẹ̀ di mítà 10, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́wàá.

Ohun tí wọ́n ṣe sórí Odò Ọya nìyẹn ní ìsédò Kainji, èyí tí wọ́n ṣí ní 1969. Omi ń yí abẹ̀bẹ̀ irin, abẹ̀bẹ̀ ń yí òòfà láàárín wáyà bàbà, iná sì ń sáré jáde. Michael Faraday ti rí àṣírí òòfà àti wáyà yìí láti 1831. Ẹ̀rọ 8 ló wà níbẹ̀, mẹ́gáwáàtì 760 ni gbogbo wọn lè mú wá. Omi tó bá sì ti kọjá níbẹ̀ tún ń lọ yí ẹ̀rọ mìíràn ní Jẹ́bà.

Ẹ wá bi àwọn ọmọ léèrè: kí ló dé tí omi tún ń kún wọ Kainji nígbà ọyẹ́, tí òjò ti dá? Òjò orí òkè Guinea ni. Ó ti lo oṣù mélòó kan lọ́nà, ó gba àbàtà Mali kọjá, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì ti rọ̀ síbẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní omi dúdú: ó ti tòrò.