Oko, Ọkọ̀ àti Kátálọ́ọ̀gì Ilé-Ìkàwé

Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Agége fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ìtàn àdúgbò rẹ̀, ṣáájú kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ìkẹjà tó dé. Ohun méjì kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn náà: ọkọ̀ ojú irin àti oko kòkó. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó gba Agége kọjá. Ọdún 1907 ni J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Ọkọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ń wá, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ kò ní àmì. Ó tẹ "oko Agege" sínú kátálọ́ọ̀gì yunifásítì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà o.

Kọ̀ǹpútà kì í ka ìwé bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń kà á. Atọ́ka ló ń lò, bí èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti nọ́ńbà àwọn ìwé tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ọ̀rọ̀ márùn-ún ni. Bí ètò náà bá ka àmì sí pátápátá, ẹni tó tẹ "oko" kò ní rí ọkọ̀ láéláé. "Agege" pàápàá kò ní bá "Agége" mu. Bó bá sì pa gbogbo àmì rẹ́, àgbẹ̀, baálé ilé àti dírẹ́bà á dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹni tó ń wá ojú irin á máa ka ìwé lórí ìgbéyàwó!

Wàhálà kejì fara pamọ́. Nínú Unicode, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ àti ọ̀ kò ní. Àkópọ̀ ni wọ́n. Ẹnì kan lè fi àmì ohùn lé orí ọ, ẹlòmíràn lè fi àmì ìsàlẹ̀ sí abẹ́ ó. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, wọ́n yàtọ̀.

Kí ni ká ṣe? Èrò mi rèé.

Èkíní, kí ètò náà sọ gbogbo àkópọ̀ di oríṣi kan ṣoṣo kó tó tọ́jú ọ̀rọ̀, kó tó wá ọ̀rọ̀.

Èkejì, kó ní atọ́ka méjì, ọ̀kan pẹ̀lú àmì, ọ̀kan láìsí àmì. Bí èèyàn bá fi àmì tẹ ọ̀rọ̀, kí èyí tó bá a mu gẹ́lẹ́ ṣíwájú, kí ìyókù tẹ̀ lé e. Bí kò bá fi àmì sí i, kí ẹ̀rọ bi í: "Ṣé oko ni, àbí ọkọ̀?"

Ẹ̀kẹta, kó mọ̀ pé aiye ni ayé, enia ni ènìyàn, Oshodi ni Òṣòdì. Kò yẹ kí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1974 sọnù nítorí sípẹ́lì.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn. Èyí tó kù, iṣẹ́ ènìyàn ni: ẹni tó ń tẹ àkọlé sínú kátálọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ tàmì-tàmì. Àwọn kan ń sọ pé àmì ń fi àkókò ṣòfò, pé ká yọ ọ́ kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ má gbà fún wọn. Kíá ni ẹ̀rọ lè yọ àmì nígbà tó bá ń wá nǹkan. Ṣùgbọ́n kò lè dá a padà pẹ̀lú ìdánilójú sára àkọlé ọ̀rọ̀ méjì péré. Ìwé á wà lórí pẹpẹ, ẹni tó nílò rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ó wà.

Ẹ̀yin ará ilé-ìkàwé, kí ẹ tó sanwó fún ètò kankan, ẹ tẹ oko àti ọkọ̀ sínú rẹ̀. Ohun tó bá gbé jáde ni kí ẹ fi dá a lẹ́jọ́.