Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Spitfire Mọ̀ Nínú Àwòrán Àtijọ́

Bó ti wù kí ìbejì jọra tó, ìyá tó bí wọn kì í ṣi Táyé pè ní Kẹ́hìndé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Spitfire, bàálù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ja Ogun Àgbáyé Kejì. Oṣù kẹta ọdún 1936 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ fò. Kí wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró, iye rẹ̀ ti lé ní 20,000, ẹ̀yà rẹ̀ sì ti lé ní 20. Lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà. Nígbà tí ogun gbóná ní 1940, àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó ra Spitfire. £5,000 ni wọ́n dá lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nàìjíríà náà dáwó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi orúkọ rẹ̀ pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú kan, 91 Squadron. Bí ẹnikẹ́ni bá wá mú àwòrán jáde pé bàálù ẹgbẹ́ Nàìjíríà nìyí, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ òótọ́?

Abẹ̀bẹ̀ iwájú ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà. Mẹ́ta ni ewé rẹ̀ lára ẹ̀yà karùn-ún, mẹ́rin lára ìkẹsàn-án àti ìkejìlá, márùn-ún lára ìkẹrìnlá. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wo abẹ́ apá, níbi tí rédíétọ̀ wà. Ti ẹ̀yà karùn-ún kò dọ́gba: ńlá wà lábẹ́ apá ọ̀tún, kékeré wà lábẹ́ apá òsì. Ti ìkẹsàn-án àti ìkẹrìnlá dọ́gba. Ìkejìlá ló ń dá ojú rú: ewé mẹ́rin bíi ti ìkẹsàn-án, abẹ́ apá bíi ti ìkarùn-ún. Wọ́n gé ṣóńṣó apá rẹ̀, imú rẹ̀ sì wú sókè lọ́tùn-ún lósì nítorí ẹ́ńjìnnì Griffon tó wà nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe jẹ́ 100 péré, ẹgbẹ́ 41 àti 91 nìkan ló sì fi í jagun.

Síbẹ̀, àmì kan ṣoṣo kò tó dá ẹjọ́. Wọ́n gé apá àwọn kan lára ẹ̀yà karùn-ún náà. Wọ́n sì lè tẹ àwòrán ní òdìkejì, kí ọ̀tún di òsì. Ẹnu ọ̀nà kékeré tí awakọ̀ ń gbà wọlé ló ń tú àṣírí èyí, nítorí ẹ̀gbẹ́ òsì ló máa ń wà. Àwọ̀ pàápàá ń tan ni jẹ: fíìmù kan wà láyé ìgbà náà tó máa ń sọ pupa di dúdú.

Lẹ́tà DL ni àmì ẹgbẹ́ 91, ṣùgbọ́n ìjọba a máa pa irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rẹ́ kúrò lára àwòrán kí ọ̀tá má baà rí i kà. Orúkọ àwọn tó dáwó tí wọ́n kọ sára bàálù kò tó ẹ̀rí, nítorí bí èyí tó ní orúkọ bá ṣègbé, wọ́n lè kọ ọ́ sára òmíràn. Nọ́ńbà kékeré tó wà lápá ẹ̀yìn, nítòsí ìrù, ló ń fi bàálù kan hàn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí wọ́n bá rí i kà, wọn yóò fi wé ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Oṣù kẹrin ọdún 1943 ni ìkejìlá dé ọwọ́ ẹgbẹ́ 91, ìkẹrìnlá sì dé ní oṣù kẹta ọdún 1944. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣi ẹ̀yà pè ti ṣi ọdún pè, ẹni tó bá sì ṣi ọdún pè lè gbé orúkọ awakọ̀ tó kú sójú ogun fún ẹlòmíràn. Ewé abẹ̀bẹ̀ kan tí wọn kò kà ló lè gba ìtàn lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.