Ọ̀dùnkún Tó Lo Alárinà

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí kì í ṣe àlọ́.

Lọ́dún 1845, àrùn kan wọ oko ọ̀dùnkún òyìnbó ní ilẹ̀ Ireland. Ọ̀dùnkún yìí ni tálákà ibẹ̀ ń jẹ láàárọ̀, òun ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Ewé tó ń tutù yọ̀yọ̀ á ṣàdédé dúdú. Bí wọ́n bá sì wú iṣu rẹ̀, jíjẹrà tó ń rùn ni wọn ó bá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wú ẹ̀gẹ́ rírà rí mọ bó ṣe ń rí lára. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú nínú ìyàn náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan mìíràn sì fi ilé sílẹ̀ wọkọ̀ òkun.

Ẹ wá gbọ́ ìyanu. Ọ̀dùnkún igbó kan wà ní Mexico, bín-ín-tín ni iṣu rẹ̀. Àrùn yìí kan náà á bà lé e, kò ní rí i gbé ṣe. Àmọ́ kò gbà láti bá ọ̀dùnkún oko ṣègbéyàwó. Ẹ fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó tìhín pa tọ̀hún títí, wọn ò ní bímọ.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Netherlands bá wá alárinà. Wọ́n kọ́kọ́ fi irú ọ̀dùnkún mìíràn fún ti igbó yìí, wọ́n fi ọmọ wọn fún òmíràn, kí àtọmọdọ́mọ tó lè fẹ́ ti oko. Ọdún 1959 ni iṣẹ́ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Ó di 2005 kí irúgbìn Bionica àti Toluca tó jáde. Ọdún 46!

Lónìí, wọ́n lè mú àbùdá kan ṣoṣo lára ti igbó, kí wọ́n fi sínú ti oko tààrà. Bí wọ́n ṣe fi mẹ́ta sínú ọ̀dùnkún Victoria ní Uganda nìyẹn, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni èyí tí alárinà gbé wá fún Bionica. Nínú oko ìdánwò, wọn ò fọ́n oògùn, ewé ò sì dúdú. Ilé aṣòfin ibẹ̀ gbé òfin irúgbìn báyìí jáde ní 2017. Ààrẹ Museveni kò buwọ́ lù ú. Ó ń bẹ̀rù kí irúgbìn ìbílẹ̀ má dà pọ̀ mọ́ tuntun, ó sì ń bèèrè ẹni tí yóò jẹ́ olówó irúgbìn náà.

Ìbéèrè gidi ni, mo bá a bèèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé ohun tí a tẹ́wọ́ gbà nígbà tó rin ọdún 46 dé di èèwọ̀ torí pé ó gba àbùjá wọlé. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn irúgbìn nílùú yìí, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé kí ni wọ́n fi sí i, níbo ló ti wá, ta ló sì ni ín.